ÈÈNÌ ORÍ TẸ́TẸ́: ṢÉ HALÁÀLÌ NI?

  



Òjò ọdún yìí kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó kéú lọ́dọ̀ wa mú N30,000 wá pé kí á fi kún owó páànù ilé-kéú. Inú wa dùn, a ṣe àdúà fún un. Ẹ̀yìn àdúà ni a tó bi í pé irú iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe báyìí. Ó ní, "Àáfà, kì í ṣe owó tẹ́tẹ́ o. Èènì ni wọ́n fún mi."

Ó wá ṣàlàyé. Káàdì kan wà tí wọ́n ń pè ní pókà. Ènìyàn méjì ni yóò kojú ara wọn lórí fóònù, oníkálukú yóò fi owó sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó ni eré náà yóò yọ láàdá tirẹ̀ nínú owó náà. Bí ènìyàn bá ta á púpọ̀, wọn yóò dá díẹ̀ padà fún un nínú láàdá yẹn. Ó ní èyí tí òun jẹ lára ẹnìkejì, òun mọ̀ pé haráàmù ni, òun kò jẹ́ mú un wọ ilé-kéú. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n dá padà, ẹ̀bùn ni.

Ọlọ́jà ni awa náà. A mọ láàdá, a sì mọ èènì. Bí alágbàtà bá bá wa ta àpò àgbàdo, ẹni tí ó tà gba owó, ẹni tí ó rà gbé ọjà lọ, alágbàtà sì jẹ èrè wàhálà rẹ̀. Bí oníràìsì bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé múdù fún wa, ọjà ni èènì náà tẹ̀lé. Èènì kì í dá rìn. Bí ọjà bá mọ́, èènì mọ́. Bí ọjà bá jẹ́ ti olè, èènì rẹ̀ náà ti olè ni. Nínú káàdì yìí, ọjà wo ni ẹnì kan tà tí ẹnìkejì rà? Kò sí. Nínú Súrà An-Nisa, áyà 29, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti máa jẹ owó ara wa lọ́nà èrú, àfi kí ó jẹ́ òwò tí tọ̀tún tòsì yọ̀ǹda sí. Ìyọ̀ǹda nìkan kò tó. Òwò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Ká ní oníkálukú fi N1,000 sílẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ yọ N100 nínú N2,000 náà. Bí wọ́n bá ta á nígbà 20, tí oníkálukú jẹ ìgbà 10, ẹ óò ní ọ̀mì ni. Kì í ṣe ọ̀mì o! N1,000 ti lọ lọ́wọ́ oníkálukú. Bí wọ́n bá dá N30 padà nínú N100 kọ̀ọ̀kan, N300 ni yóò kan ẹnì kan. Ẹni tí ó sọ N1,000 nù ń dúpẹ́ N300! Bí ó bá sì fẹ́ kí èènì náà pọ̀ sí i, àfi kí ó túbọ̀ máa ta á. Ìjẹ ẹnu ìwọ̀ ni.

Àwọn Lárúbáwá ayé àìmọ̀kan a máa pa ràkúnmí, wọn a fi ọfà ta tẹ́tẹ́ lórí ẹran rẹ̀, àwọn mìíràn a sì pín èyí tí wọ́n jẹ fún aláìní. Síbẹ̀, Súrà Al-Baqarah, áyà 219, sọ pé àǹfààní wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tóbi ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Súrà Al-Ma'idah, áyà 90 àti 91, wá pa á láṣẹ kí á jìnnà sí i, nítorí èṣù ń fi í dá ọ̀tá sílẹ̀, ó sì ń fi í dí wa lọ́wọ́ ìrun. Nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, ẹni tí ó kàn pe ẹnìkejì rẹ̀ pé kí ó wá kí wọ́n ta tẹ́tẹ́, sàárà ni Ànábì ní kí ó ṣe. Ìpè lásán nìyẹn, kò tíì dé orí owó.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ìjọba fọwọ́ sí i, ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Àbújá dájọ́ pé ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni òfin tẹ́tẹ́ wà. Ìwé àṣẹ ìjọba ni ìyẹn yóò máa ti wá. Kò sọ haráàmù di haláàlì.

A dá owó náà padà. Ojú ọmọ náà rẹ̀wẹ̀sì, ó sì dun àwa náà. Nígbà tí òjò ńlá dé, àwọn ọmọ kó wàláà wọn sá sí ẹ̀bá ògiri. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun mọ́, ohun tí ó mọ́ ni Ó sì ń gbà.

Àṣìṣe tiwa ni pé a ti ṣe àdúà kí á tó béèrè. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá kówó wálé, ẹ béèrè kí ẹ tó súre. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ pe àwọn ọ̀dọ́ sí ìsọ̀ yín, ẹ kọ́ wọn lówò, nítorí ọwọ́ tí ó dilẹ̀ ni èṣù ń bẹ̀ níṣẹ́. Ọmọ yẹn ti ń bá wa jókòó ní ìsọ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Owó tí ó ń gbà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó mú N500 wá fún páànù ní jímọ̀ tó kọjá, a sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Kí Ọlọ́hun fi haláàlì Rẹ̀ rọ̀ wá lọ́rùn kúrò níbi haráàmù, kí Ó sì má fi láàdá ọ̀run dù wá nítorí láàdá ayé. Amin.