Èéfín Tí Olùkọ́ Kò Fẹ́ Rí

Olùkọ́ kan wà ní Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tó jogún Mobylette bàbá rẹ̀. Kì í ṣe nǹkan tí ọmọ ìyá ń bára wọn jà lé lórí. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbé e tì, táyà rẹ̀ méjèèjì ti sán, ìpata sì ti jẹ táǹkì rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú ilẹ̀, wọ́n mú ilé. Òun ní kẹ̀kẹ́ yẹn ló wu òun, nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni bàbá máa ń gbé òun sí lọ sílé ẹ̀kọ́.

Kẹ̀kẹ́ ológeere tó ní ẹ́ńjìnnì ni Mobylette. Ilé iṣẹ́ Motobécane ti ilẹ̀ Faransé ló gbé e jáde lọ́dún 1949, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò sì tó 50 cc. Ó ní pẹ́dàlì. Bí epo bá tán lójú ọ̀nà, èèyàn á tú ẹ́ńjìnnì kúrò lára ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, á sì fi ẹsẹ̀ wà á délé. Nígbà tí Bẹ̀nẹ̀ ṣì ń jẹ́ Dahomey, ẹni tó bá ní in ti kúrò lẹ́gbẹ́ ẹlẹ́sẹ̀.

Olùkọ́ gbé e tọ bàbá kan lọ ládùúgbò, àgbà mẹkáníìkì tó ti ń tún Mobylette ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Bàbá ò kánjú. Ó tú táǹkì, ó da òkúta wẹ́wẹ́ àti epo díẹ̀ sí i, ó ní kí ọmọṣẹ́ máa mì ín títí ìpata inú rẹ̀ yóò fi ṣí. Ó tú kabúrétọ̀: epo ọjọ́ pípẹ́ ti gbẹ mọ́ inú rẹ̀, ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà kọjá sì ti dí pa. Ó fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó fi sáńpépà kíkúná nu kọ́ńtáàtì. Ó yọ púlọ́ọ̀gì síta, ó fi ti ara irin ẹ́ńjìnnì, ó ní kí wọ́n wa pẹ́dàlì. Nígbà tí iná ta pàrà lẹ́nu rẹ̀ ló tó rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, kò jẹ́ kí wọ́n sítáàtì rẹ̀ títí tó fi pààrọ̀ táyà, bẹ́líìtì àti okùn bíréèkì. Ó ní ohun tó máa dá a dúró lòun ń wò kóun tó wo ohun tó máa gbé e lọ.

Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì dáhùn, Olùkọ́ fò sókè. Ó ti kùn ún ní àwọ̀ búlúù bó ṣe wà nígbà ayé bàbá rẹ̀. Bàbá mẹkáníìkì pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Olùkọ́, epo lásán ò gbọdọ̀ wọ inú táǹkì yìí o. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ bá a wọlé.”

“Mo ti gbọ́, Bàbá. Ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́.”

Ó gbọ́ lóòótọ́, àmọ́ kò béèrè ìdí.

Kò pẹ́ tí èéfín fi di wàhálà. Bó bá ti kọjá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á bo imú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan máa ń pariwo lókèèrè pé, “Olùkọ́, ẹran wo lẹ tún ń sun?” Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Ó wá lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún alùpùpù ìgbàlódé ṣe. Ìyẹn wò ó, ó ní ọ́ìlì tí wọ́n ń dà sínú epo ló fà á; alùpùpù wo ni wọ́n ń da ọ́ìlì sí táǹkì epo rẹ̀ láyé ìsinsìnyí? Olùkọ́ dín ọ́ìlì kù sí ìdajì. Èéfín rọlẹ̀, kẹ̀kẹ́ sì tún dà bí ẹni pé ó ń sáré sí i. Ó ní òun ti rí i.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ò purọ́. Alùpùpù tó mọ̀ ló ń sọ. Ìyẹn ní ikùn nísàlẹ̀ tí ọ́ìlì ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń fi ra ara. Ẹ́ńjìnnì Mobylette kò ní irú ikùn bẹ́ẹ̀. Inú ikùn rẹ̀ gan-an ni epo àti atẹ́gùn ń gbà kọjá kí wọ́n tó dé òkè tí wọ́n ti ń jó. Ọ́ìlì tó bá máa dé ara bẹ́ríìnì àti písítìnì, àfi kó gun epo lẹ́yìn. Bó bá ti ṣiṣẹ́ tán, á jó, á sì gba ẹ̀yìn jáde. Ìyẹn lèéfín tí wọ́n ń fi Olùkọ́ ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ kan tó ń ti Ìlárá bọ̀, ó dúró lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta epo inú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ìyá náà to epo lásán sápá kan, ó to èyí tí wọ́n ti po ọ́ìlì mọ́ sápá kejì. “Èwo ni kí n bù fún yín?” Olùkọ́ nawọ́ sí epo lásán. Oòrùn mú, àpò àgbàdo wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Kò tíì rìn jìnnà tí ohùn ẹ́ńjìnnì fi yí padà, ó han gooro, ó sì dákẹ́. Ó ti nọ́ọ̀kì. Ó tú u kúrò lára ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó sì fi pẹ́dàlì wa ara rẹ̀, kẹ̀kẹ́ àti àgbàdo wọ Kétu.

Nígbà tí Bàbá tú ẹ́ńjìnnì, písítìnì ti gbóná, ó ti wú, ó ti lẹ̀ mọ́ ara bílọ́ọ̀kì, ó sì ti ha á yánnayànna. Owó tí wọ́n ná lórí ẹ́ńjìnnì wọgbó. Bàbá ò bínú, ṣùgbọ́n ó béèrè irú ọ́ìlì tí Olùkọ́ ti ń lò látìgbà náà. Ọ́ìlì ọkọ̀ akẹ́rù ni, ojú ló sì fi ń wọ̀n ọ́n. Bàbá mirí. Ó ní ọ́ìlì two-stroke ni kó rà, kó máa fi ìwọ̀n bù ú, nǹkan bí ìdá 4 nínú 100, kó sì máa gbé sàìlẹ́ńsà wá kí òun ha èédú inú rẹ̀. Èéfín ò ní tán, ṣùgbọ́n kò ní tó ohun tí ọmọdé ń bo imú sí.

“Bó o bá bi mí ni, ọmọ mi, owó ọ́ìlì nìkan lò bá ná.”

Àwọn tó gbọ́ ní ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ló ba kẹ̀kẹ́ jẹ́. N kò bá wọn gbà. Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Olùkọ́ ló fi alákìísà sílẹ̀ lọ béèrè lọ́wọ́ aláṣọ. Ìyọnu rẹ̀ kì í ṣe àrùn kẹ̀kẹ́, ẹ̀rín ọ̀rẹ́ ni, ẹ̀rín yẹn ló sì ń wá oògùn sí. Ọ̀pọ̀ wa ń tún ilé bàbá wa ṣe báyìí, à ń tún àṣà ṣe, à ń tún oko ṣe. Ohun tó bá ń tì wá lójú nínú wọn la máa ń kọ́kọ́ gé sọ nù. Ká tó gé e, ká wá ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ, ká bi í ní iṣẹ́ tí nǹkan ọ̀hún ń ṣe. Bó bá jẹ́ pé òun ló ń fi ra ara, ìwọ̀n rẹ̀ la máa tún ṣe, a ò ní mú un kúrò.