MÁ ṢE FI ILÉ ÌṢÚRA RẸ HAN ÀLEJÒ

KÀ: Aísáyà 39:1-8
ÀKỌ́SÓRÍ: Òwe 14:15
BÍBÉLÌ KÍKÀ FÚN ÒNÍ: Nehemáyà 4-6

Ara Hesekáyà ọba ṣẹ̀ṣẹ̀ yá ni. Ikú ti kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ṣùgbọ́n Ọlọ́run fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Ayọ̀ ẹ̀rí náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí àwọn àlejò dé láti Bábílónì pẹ̀lú ìwé àti ẹ̀bùn. Inú ọba dùn. Ó mú wọn wọ ibi gbogbo: ibi fàdákà àti wúrà, ibi tùràrí àti òróró iyebíye, títí dé ilé ohun ìjà. Wọn kò jí nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Wọ́n kàn wò ó, wọ́n sì lọ. Ṣùgbọ́n Aísáyà sọ fún ọba pé ọjọ́ ń bọ̀ tí a ó kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Bábílónì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ló sì rí ní ayé Nebukadinésárì.

Olùfẹ́, àlejò Bábílónì kò nílò ẹṣin mọ́. Orí fóònù ló ń gbà wọlé. "Ẹ káàárọ̀ mà. Báńkì yín ni a ti ń pè. BVN yín ní ìṣòro, a ó ti àkáǹtì yín pa lónìí. Ẹ ka nọ́ńbà ara káàdì ATM yín fún wa. Ẹ má pa fóònù o." Ó mọ orúkọ rẹ. Oníbàárà dúró níwájú rẹ lọ́jà, ọkàn rẹ sì ti dàrú. Kí o tó mí kanlẹ̀, owó àjọ tí àwọn ìyá ọjà fi sí ọ lọ́wọ́ ti lọ.

Láti ọdún 2014 tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti gbé BVN kalẹ̀ ni àwọn ọlọ́ṣà ti ń fi orúkọ rẹ̀ dẹ́rù ba ènìyàn. Jẹ́ kó yé ọ: nọ́ńbà 11 náà ti wà lọ́wọ́ báńkì rẹ. PIN rẹ, nọ́ńbà 3 tó wà lẹ́yìn káàdì, àti kóòdù tí wọ́n ń pè ní OTP, kò sí òṣìṣẹ́ báńkì tó yẹ kó béèrè wọn lọ́wọ́ rẹ. Kóòdù tó wọlé sórí fóònù rẹ nígbà tí ọlọ́ṣà ń bá ọ sọ̀rọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló fà á. Ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà owó rẹ, kọ́kọ́rọ́ ló kù. Ìdí nìyẹn tí kò fi fẹ́ kí o pa fóònù.

Ìbéèrè mẹ́ta ni Aísáyà bi Hesekáyà lẹ́yìn tí àlejò ti lọ. Ìwọ, bi ara rẹ kí wọ́n tó wọlé.

1. KÍ NI WỌ́N WÍ? Ẹ̀rù tàbí ẹ̀bùn ni wọ́n sábà máa ń gbé wá. Ẹ̀rù ni pé ọmọ rẹ ní jàǹbá, kí o fi owó ránṣẹ́ kíá. Ẹ̀bùn ni pé o ti jẹ owó ńlá. Ibi ẹ̀bùn yìí ni ọ̀pọ̀ wa tí a ń retí ìyanu ti ń ṣubú. A ti gbààwẹ̀ fún ọjọ́ 7, fóònù dún ní ọjọ́ kẹjọ, a sì ti ké "Àmín" kí a tó béèrè ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ìbùkún Olúwa kì í béèrè PIN.

2. NÍBO NI WỌ́N TI WÁ? Nọ́ńbà tó hàn lójú fóònù kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí wọ́n lè fi nọ́ńbà ẹlòmíràn bojú. Pa fóònù náà. Fúnra rẹ ni kí o pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì rẹ, tàbí kí o rìn lọ sí báńkì. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ọmọ, pe ọmọ náà tàbí ilé ìwé rẹ̀. Bí orúkọ àti àwòrán Pásítọ̀ bá wá sórí WhatsApp tó ń tọrọ owó tàbí kóòdù onínọ́ńbà 6, má fi kóòdù ránṣẹ́, pe Pásítọ̀ lórí nọ́ńbà tí o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣemáyà fi ohùn wòlíì bá Nehemáyà sọ̀rọ̀, ó ní kó sá pamọ́ sínú tẹ́ńpìlì nítorí wọn yóò wá pa á lóru. Ohùn wòlíì kò dí Nehemáyà létí. Ó mọ̀ pé Ọlọ́run kò rán an, pé owó ni Tòbáyà àti Sáńbálátì fi bẹ̀ ẹ́.

3. KÍ NI WỌ́N RÍ NÍ ILÉ RẸ? Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ta ló gbé àwòrán alẹ́ẹ̀tì báńkì síta láti fi jẹ́rìí? Ta ló kọ BVN àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù àwọn tó ṣèlérí owó ọ̀fẹ́? Jẹ́rìí oore Ọlọ́run, ṣùgbọ́n má sọ ẹ̀rí di àfihàn ilé ìṣúra.

Bóyá ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ. Má fi pamọ́. Ìtìjú ni olè kejì, òun ló ń fún olè àkọ́kọ́ láyè láti sá lọ. Pe báńkì lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n dí àkáǹtì náà, fi ẹjọ́ sun ọlọ́pàá tàbí EFCC, kí o sì sọ òtítọ́ fún àwọn tó ni owó. Hesekáyà kò purọ́ fún wòlíì nígbà tó bi í. Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ má sọ pé ojúkòkòrò ló fà á fún un. Ẹ bá a ru ẹrù rẹ̀.

Bí ó bá sì jẹ́ ìwọ tó ń ka ewé yìí ló ń pe àwọn ènìyàn, gbọ́: ìdámẹ́wàá owó ìyá ọlọ́jà kò lè fọ̀ ọ́ mọ́. Sákéù dá ohun tó fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ronú pìwà dà lónìí.

IṢẸ́ ÒNÍ: Pe ìyá tàbí bàbá rẹ àgbà. Fi sùúrù ṣàlàyé ẹ̀kọ́ yìí fún wọn kí àlejò tó pè wọ́n.

KÓKÓ ÀDÚRÀ
1. Bàbá, fún mi ní etí tó ń dá ohùn mọ̀, ní orúkọ Jésù.
2. Olúwa, gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀rù àti ìkánjú tó ń mú ènìyàn ṣílẹ̀kùn fún olè.
3. Olúwa, tu gbogbo ẹni tí wọ́n ti lù ní jìbìtì nínú, kí o sì mú ohun tí wọ́n pàdánù padà bọ̀ sípò. Àmín.