Ìrọ̀rùn Gìgísẹ̀

Ṣé ìrọ̀rùn lè mọ́ tónítóní bí ẹni tí ó wá èròjà rẹ̀ bá ń jẹ̀rora? Ìtàn sọ pé Humphrey O'Sullivan, ọmọ Áílándì tí ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní ìlú Lowell ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ìdúró lójoojúmọ́ lórí ilẹ̀ líle mú kí ẹsẹ̀ máa ro ó gooro, tẹ́ ẹní rọ́bà sílẹ̀ láti máa dúró lé, ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò yé gbé e lọ, títí ó fi gé rọ́bà náà ní ìwọ̀n gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀, tí ó sì fi ìṣó kàn án mọ́ ọn. Ní 1899 ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n náà.

Mo yìn ín tọkàntọkàn, nítorí n kò gbà pé ìyà ara ni í tún ọkàn ṣe. Elédùmarè, Ọba atẹ́rẹrẹ káyé, tí ó tẹ́ ọ̀rá bí tìmùtìmù sábẹ́ gìgísẹ̀ wa, kò ṣe é lásán. Ṣùgbọ́n ní sáà yẹn gan-an ni àwọn ọmọ ogun Leopold, ọba Bẹ́líjíọ̀mù, ń gé ọwọ́ àwọn ará Kóńgò nítorí rọ́bà. Ní igbó tiwa pàápàá, láti nǹkan bí 1895, wọ́n kọ igi ìrẹ́, tí oje rẹ̀ ń di rọ́bà, lára títí púpọ̀ nínú àwọn igi náà fi kú. N kò di ẹ̀bi yìí ru O'Sullivan. Àmọ́ ẹni tí yóò fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ kí àwa tí ń wọ bàtà rírọ̀ máa béèrè ẹni tí ó kọ igi rọ́bà náà, àti iye tí wọ́n san fún un.