Ọmọ Ajá Inú Gọ́tà: Ẹni Tó Gbà Á Là, Ṣé Dandan Ni Kó Sìn Ín?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí, inú ilé mi ló ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ọmọ mi tó ń lọ sí ilé kéú ní Pàkátà gbé ọmọ ajá kan wálé. Inú gọ́tà ló ti rí i. Ó ti rù, ikùn rẹ̀ wú, ipin bò ó lójú, kò lè dìde. Ìyá mi tó ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́ gbé bútà rẹ̀, ó sá wọlé. Ó ní, "Ta ló gbé ẹ̀gbin wọ ilé onísàláátù?"

Èmi náà ti fẹ́ ní kó gbé e padà. Ọmọ náà wò mí lójú, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ fún wa nípa ẹni tó fi bàtà bu omi fún ajá?" N kò rí èsì fọ̀.

Òótọ́ ló sọ. Ó wà nínú hádíìsì Bùhárì àti Mùsìlímù pé òùngbẹ gbẹ ọkùnrin kan, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga, ó mu omi yó. Nígbà tó jáde, ó rí ajá kan tó ń lá erùpẹ̀ tútù nítorí òùngbẹ. Ó tún padà sísàlẹ̀, ó bu omi sínú bàtà rẹ̀, ó fi eyín gbé e gòkè, ó fún ajá náà mu. Ọlọ́hun sì forí jì í. Àwọn sàábé béèrè bóyá làádá wà nínú ṣíṣe ẹranko lóore, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó wà nínú oore sí gbogbo ohun ẹlẹ́mìí.

A gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Èmi ló kọ́kọ́ bá wí, pé mo jẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ lásán gbé ajá tí a kò mọ ibi tó ti wá. Ìbáwí náà tọ́ sí mi. Dìgbòlugi kò yọ ọmọ ajá sílẹ̀, bí àmì rẹ̀ bá sì ti hàn lára ènìyàn, agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi ń yè é. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ló ń pa lọ́dún kan káàkiri ayé, ajá ló sì ń kó o ran èyí tó pọ̀ jù. Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kí a fi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí a tó sáré lọ gba abẹ́rẹ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kò bu ọmọ náà jẹ, kò sì há a léèékánná. Aràn àti ebi ló ń dá ajá náà gúnlẹ̀. Wọ́n fún un ní oògùn aràn, àwa náà ń fi ṣíbí fún un ní omi iyọ̀ àti ṣúgà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ó ti ń sáré kiri àgbàlá.

Ìgbà tó sàn tán ni wàhálà dé. Ẹni tó fún ajá lómi lẹ́bàá kànga kò gbé e lọ sílé, ó kéré tán hádíìsì kò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n hádíìsì mìíràn sọ pé ẹni tó bá ń sin ajá, tí kì í ṣe ti ọdẹ, ti ẹran ọ̀sìn tàbí ti oko, làádá rẹ̀ yóò máa dín kù lójoojúmọ́. Ìwé Rìsálà ti Ibn Abí Zayd, tí ọ̀pọ̀ wa kà ní ilé kéú, kò fẹ́ kí a sin ajá nínú ilé láàárín ìlú. Ti ẹ̀gbin tí ìyá mi ń pariwo, ní ti mádíhàbù Màlíkì, ajá tó wà láàyè kì í ṣe nájísì. Ìtẹ̀lé àṣẹ lásán ni fífọ abọ́ tó lá nígbà méje. (N kò sọ èyí fún ìyá mi o.)

Aládùúgbò mi kan, àáfà ni, ní kí n sìn ín gẹ́gẹ́ bí ajá ìṣọ́lé. Ó rán mi létí ìtàn tí àwọn onímọ̀ ń sọ nípa Ibn Abí Zayd fúnra rẹ̀, ẹni tó kú ní 996: ògiri ilé rẹ̀ wó, ẹ̀rù àwọn ọ̀tá ń bà á, ló bá so ajá mọ́lẹ̀. Wọ́n ní ṣebí Ìmáàmù Màlíkì kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó fèsì pé bí Màlíkì bá wà láyé ìgbà àwọn, kìnnìún ni ìbá so mọ́lé.

Ìtàn náà dùn, mo sì fẹ́ gbá a mú. Ṣùgbọ́n ògiri tèmi kò wó. Ó ga, ìgò wà lórí rẹ̀, a sì ní ọlọ́dẹ ládùúgbò. Bí mo bá ní olè ni mo torí rẹ̀ sin ajá, irọ́ ni mo ń pa fún Ẹni tó mọ aníyàn. Ìfẹ́ ọmọ náà ló wà níbẹ̀, àti ìfẹ́ tèmi náà, nítorí ajá ọ̀hún ti ń pàdé mi lẹ́nu géètì. Ní ìdà kejì, bí mo bá dá a padà sí gọ́tà, kí ni oògùn aràn wà fún? Ẹni tó fa ènìyàn jáde nínú odò tó tún tì í sínú rẹ̀ kò gba ẹnikẹ́ni là. Ní tèmi, títọ́jú rẹ̀ ti di gbèsè sí mi lọ́rùn láti ọjọ́ tí mo ti fi ṣíbí kàn án lẹ́nu, ṣùgbọ́n gbèsè náà kò sọ pé inú ilé tèmi ni kó máa sùn.

Ọkùnrin kan wà ní ọ̀nà Òkè-Òyì tó ń sin àgùntàn, tó ń wá ajá tí yóò máa bá wọn jẹko. A gbé e lọ bá a. Ọmọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi padà dé Ìlọrin. Lálẹ́ ló tó bi mí pé, "Bàbá, oúnjẹ tí wọ́n ń fún un lọ́hùn-ún, ṣé làádá rẹ̀ kan tiwa?" Mo ní màá béèrè lọ́wọ́ àáfà, n kò tíì béèrè. Mo ti bá olówó àgùntàn náà ṣe àdéhùn pé bí ajá náà bá pé oṣù mẹ́ta, èmi ni màá san owó abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rẹ̀, àti ti ọdọọdún. Ọmọ náà ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ rẹ̀ sára ògiri yàrá wọn.