Ǹjẹ́ A Lè Bá Ẹni Tí A Kò Sanwó Fún Wí?

 Ìgbìmọ̀ ìwé ìrántí yìí ní kí Akọ̀wé kọ nǹkan díẹ̀ nípa iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni. N kò ní wàásù, àwọn Wòlíì àti Ajíhìnrere wà fún ìyẹn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀, torí pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà tí mo ti ń mú ìwé orúkọ àwọn ẹgbẹ́ dání: "Akọ̀wé, ṣé owó oṣù ni ẹ ń san fún mi ni?" Ẹni tó ń to àga ń sọ ọ́, onílù ń sọ ọ́, akọrin náà ń sọ ọ́, bí a bá bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kò fi wá. Ọ̀rọ̀ náà máa ń pa ẹni tó béèrè lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ṣé òótọ́ wà nínú rẹ̀?

Kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ ọdún, n kò ní fi ara wa ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ jẹ́ kí a lọ sí èbúté Kútọnu, tí ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ dáadáa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, ọkọ̀ òkun funfun ńlá kan tí à ń pè ní Africa Mercy gúnlẹ̀ síbẹ̀, kò sì kúrò títí di ọdún 2017. Wọ́n ti wá síbẹ̀ rí ní 2009. Ọkọ̀ tó ń gbé ọkọ̀ ojú irin sọdá omi ní Denmark ni tẹ́lẹ̀ rí, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ilé ìwòsàn tó ní yàrá iṣẹ́ abẹ márùn-ún. Ẹgbẹ́ Kristẹni tó ni ín ń jẹ́ Mercy Ships. Don Stephens àti aya rẹ̀ Deyon ló dá a sílẹ̀ ní 1978. Ọmọ tí ètè rẹ̀ là láti inú oyún, ẹni tí kókó ti bò lójú, obìnrin tí ìtọ̀ ń dà lára rẹ̀ láìdáwọ́dúró lẹ́yìn ìrọbí tó le, gbogbo wọn ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá rèé. Àwọn tó fi ilé wọn sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Holland, Gẹ̀ẹ́sì àti ibòmíràn wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kì í gba owó oṣù. Èyí tó tún yani lẹ́nu jù ni pé nígbà náà, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń san owó ibi tí wọ́n ń sùn àti oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ! Kì í sì í ṣe dókítà àti nọ́ọ̀sì nìkan. Alásè wà níbẹ̀, alágbàfọ̀ wà níbẹ̀, mẹkáníìkì tó ń bá ẹ́ńjìnnì jà nísàlẹ̀ ọkọ̀ wà níbẹ̀, tíṣà tó ń kọ́ ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó, ènìyàn ń sanwó kí wọ́n lè jẹ́ kí ó fọ àwo.

Ìgbé ayé ibẹ̀ kò sì dẹrùn. Ọ̀pọ̀ ló ń pín yàrá, bẹ́ẹ̀dì lórí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ ìkélé kan ni gbogbo ìkọ̀kọ̀ tí ènìyàn ní. Nítorí omi, wọ́n ní kí ìwẹ̀ má ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Bí agogo bá dún fún ìdánrawò iná, tọmọdé tàgbà ló ń jáde. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, nọ́ọ̀sì á sọ Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ á sọ ọ́ di Faransé tàbí Fọ̀n. Bí ó bá jẹ́ ará Kétu tàbí Sábẹ ni, Yorùbá tiwa yìí náà ni. Ará ìlú ni ògbufọ̀, wọ́n sì ń sanwó fún un. Nítorí náà, ẹni tó ń gbowó àti ẹni tó ń sanwó jọ dúró ti bẹ́ẹ̀dì kan náà ni. Ṣé nọ́ọ̀sì lè wá sọ fún ògbufọ̀ pé, "Ìwọ máa tètè dé, torí pé o ń gbowó, èmi lè dé nígbà tó bá wù mí"?

Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára, ara àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà ni wọ́n ti ń gbà á. Wọ́n á ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, orúkọ wọn á ti wà nínú ìwé. Bí ọ̀rọ̀ bá dé, wọ́n lè pe alásè nídìí ìkòkò pé ó yá, wá na apá.

Àwọn bàbá wa mọ iṣẹ́ àìgbowó kí ọkọ̀ kankan tó gúnlẹ̀. Nínú àáró, mo bá ọ ro oko lónìí, o bá mi ro tèmi lọ́la. Ẹni tí kò bá wá, wọn ò ní lọ sí tirẹ̀. Ní ti ọ̀wẹ̀, ẹni tó bẹ̀ wá ló máa gún iyán, tí á gbé ẹmu kalẹ̀. Owó kò sí nínú méjèèjì, ìbáwí sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ti àwọn ará inú ọkọ̀ yìí kì í ṣe àáró, torí pé ará Parakou kò ní lọ bá wọn ro oko ní Holland láéláé. Kì í sì í ṣe ọ̀wẹ̀, torí pé àwọn ló ń bọ́ ara wọn nígbà náà. Kí ló wá ń jí wọn ní kùtùkùtù?

Ẹ jẹ́ kí a ro ti ìyá kan tó gbé ọmọ rẹ̀ wá láti òkè ọ̀hún. Ó sun inú ọkọ̀ mọ́jú, wọ́n ti dá ọjọ́ fún un, ọmọ kò sì gbọdọ̀ jẹun láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Bí nọ́ọ̀sì tó yẹ kó dúró ti dókítà kò bá wá, ọjọ́ náà yẹ̀ nìyẹn. Ẹ lọ sọ fún ìyá yẹn pé, "Ẹ má bínú o, a kì í sanwó fún un ni." Kí ló kàn án níbẹ̀? Ebi ń pa ọmọ rẹ̀. Èrò tèmi ni pé ẹni tó ń retí wa ló dè wá mọ́ iṣẹ́, owó kọ́. Ìbá à jẹ́ ọ̀fẹ́, ìbá à jẹ́ ẹgbẹ̀rún náírà, ìrètí ẹni yẹn kò dín, kò sì lé.

Ẹnìkan lè ní, ṣé ọmọ ìsìnrú wá ni ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀? Rárá o. Ẹnu ọ̀nà ni òmìnira rẹ̀ wà. Ó lè wọlé, ó lè má wọlé. Ó sì lè dá ọjọ́ tí yóò jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wá fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, wọ́n á sì padà sílé, kò sẹ́ni tó ń bú wọn. Dókítà Gary Parker, oníṣẹ́ abẹ ẹnu àti ojú, oṣù díẹ̀ ló wá lò nínú ọkọ̀ ẹgbẹ́ yìí. Ó lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ, inú ọkọ̀ ló ti pàdé aya rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti tọ́ ọmọ wọn. Kò sẹ́ni tó fi tipátipá dá a dúró. Ṣùgbọ́n láàárín ìgbà tí a wọlé sí ìgbà tí a jáde, a kò lè sọ pé ọwọ́ wa kò sí níbẹ̀. Ẹ rántí Ananíà. Pétérù kò sọ pé dandan ni kó ta ilẹ̀ rẹ̀. Ó jẹ́ kó yé e pé tirẹ̀ ni ilẹ̀, tirẹ̀ ni owó. Ohun tó pa á ni pé ó pe ààbọ̀ ní odindi.

Èmi ò ní gbè sẹ́yìn ẹ̀yin aṣíwájú jù ṣá. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé bó bá ti rí ẹni tí kì í kọ̀, orí ẹni yẹn ni yóò di gbogbo ẹrù lé, kò ní kí i, kò ní bi í bóyá ó ti jẹun. Ẹni tí a lè bá wí, a lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ náà, kí a sì jẹ́ kí ó lọ sinmi nígbà tó bá tọrọ àyè.

Lẹ́yìn ìsìn ọpẹ́ òní, àwo máa pọ̀ o. Àwọn àlejò wa tí yóò sùn mọ́jú á máa wá omi ìwẹ̀ láago márùn-ún àárọ̀ ọ̀la, ẹ̀rọ omi ìjọ kì í sì í sábà yọ nígbà yẹn. Orúkọ ènìyàn mẹ́jọ ló wà nínú ìwé mi fún omi pípọn. Wọ́n mọ ara wọn.