Aṣọ Ọrùn Nọ́ọ̀sì

Àwọn àgbà ní, ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Òwe yìí ni àwọn ènìyàn wa ní ilẹ̀ Yewa máa ń fi bá nọ́ọ̀sì wí. Wọn a ní: "Òun ló ní kí á máa jẹun lákòókò, òun náà ló ń jẹ bísíkíìtì, tó ń mu mínírà láàárín òru!" Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò nìyí: ǹjẹ́ alágàbàgebè ni ẹni tí kò ṣe ohun tí ó ń kọ́ni bí?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo iṣẹ́ náà. Ní ilé ìwòsàn ìjọba Ìlaròó àti ti Ayétòrò, bí ti ibi gbogbo, àìsàn kì í sùn. Nítorí náà ni àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní òru. Nígbà tí láfún gbígbóná bá wà nílé, nọ́ọ̀sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aboyún tí ń rọbí. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá fi máa dilẹ̀, àwọn olóúnjẹ ti palẹ̀ mọ́.

Ara kì í sì í gbàgbé. Ní ọdún 2017, Hall, Rosbash àti Young gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ wọn lórí aago tí ń bẹ nínú ara. Nítorí aago yìí, ara kì í lè kápá ṣúgà lóru bí ó ti ń kápá rẹ̀ lọ́sàn-án. Ìwádìí kan tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2011, lórí àwọn nọ́ọ̀sì obìnrin tí ó ju 170,000 lọ, fi hàn pé bí ọdún iṣẹ́ òru bá ti ń pọ̀ sí i ni ewu àtọ̀gbẹ ń pọ̀ sí i.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ní, "Ta ló fi mínírà lé e lọ́wọ́? Kí ló dé tí kò gbé oúnjẹ láti ilé?" Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, omi kò wọ́n ju mínírà lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé oúnjẹ wá, ta ni yóò dúró ti aláìsàn nígbà tí ó bá ń jẹ ẹ́? Lójú tèmi, alágàbàgebè ni ẹni tí ó ní àyè láti ṣe rere tí kò ṣe é. Ẹni tí a kò fún láyè kò sí lára wọn. Oorun tí àwa ń sùn, òun ló ń fi ara rẹ̀ san owó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ ìjọba kí wọ́n fi ẹnìkejì tì í, kí wọ́n sì ya àkókò oúnjẹ sọ́tọ̀ fún un. Kí á tó wo ọrùn nọ́ọ̀sì, ó yẹ kí á béèrè ẹni tí ó bọ́ aṣọ rẹ̀.