Níwájú Agbada Alákàrà

Ní oṣù kejì tí mo dé Àdó-Àwáyè gẹ́gẹ́ bí agùnbánirọ̀, mo ra àkàrà mẹ́wàá láàárọ̀ ọjọ́ kan dípò mẹ́fà. Kí n tó dé ilé, ẹni méjì ti bi mí pé ta ni àlejò mi.

Bẹ́ẹ̀ ni ìlú náà ṣe rí. Ọ̀nà rẹ̀ kò jìn sí Ìsẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ òkè. Òkè ńlá kan ló yọ lẹ́yìn ilé, adágún Ìyàkẹ́ sì wà lórí rẹ̀. (Àwọn tó ń polówó rẹ̀ ní irú rẹ̀ ò ju méjì lọ láyé, èmi ò tíì pàdé ẹni tó kà wọ́n.) Tó bá fi máa di aago mẹ́jọ alẹ́, jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo ló ń dún, àti ewúrẹ́ tó ń wúkọ́.

Ará Èkó tó bá débẹ̀ á ní ilé ọmọlúàbí lòun wà. Ọmọdé ń dọ̀bálẹ̀, àgbàdo tí wọ́n sá síta ń sùn síta. Àwọn àgbà tilẹ̀ ń ròyìn ayé àtijọ́, tí èèyàn á pàtẹ ọsàn sẹ́bàá ọ̀nà, á fi òkúta wẹ́wẹ́ ṣàmì iye tó ń tà á, á bá tirẹ̀ lọ sóko. Ẹni tó bá mú ọsàn á fi owó sílẹ̀. Mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n níbi tí gbogbo ayé ti mọ agboolé bàbá rẹ, ta ni yóò jí ọsàn? Ẹnu ni èmi fi ń wọn ìlú kékeré.

Ọmọbìnrin kan, télọ̀, ti Ìbàdàn padà wálé pẹ̀lú oyún, kò sì mú ọkùnrin kankan dání. Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe ń kí i! "O káàárọ̀ o, ṣé ara le? Rọra máa rìn o." Kó tó yà ní kọ́nà, wọ́n ti ń ka oṣù lórí ìka. Ìkíni pé pérépéré. N ò rí ìwà níbẹ̀.

Ifá sọ pé Ìwà, ọmọ Sùúrù, ti fìgbà kan jẹ́ aya Ọ̀rúnmìlà. Ohun tí àwọn tó ń sọ ìtàn náà kì í sábà dúró lé ni pé Ìwà fúnra rẹ̀ lábùkù: ọ̀bùn ni. Àbùkù yìí ni ọkọ ń wí ṣáá títí Ìwà fi kẹ́rù rẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn náà ni Ọ̀rúnmìlà ń wá a kiri. Nílùú tí ògiri ilé ti kanra, ọ̀bùn ta ni a kì í rí?

Ìyá alákàrà mọ̀ ju gbogbo wa lọ, nítorí iwájú agbada rẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Lóṣù tí owó mi pẹ́, ó ń tà fún mi láwìn. Ọmọ rẹ̀ tó ń bá a tajà kò mọ̀ pé mo jẹ wọ́n ní gbèsè títí mo fi san án níṣojú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ télọ̀ dé ibẹ̀. Obìnrin kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ súnmọ́ ilé wọn jù. Kí lẹ rí?"

Ìyá ń kó àkàrà sínú asẹ́. Kò gbójú sókè.

"Ti èló ni kí n kó fún ọ?"